Ṣé kí n pa ẹ̀kọ́ òfin tì nítorí AI?

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan tó ku ọdún kan àti ààbọ̀ kó jáde ní fásitì ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí a wà ní ìsinmi, àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní kí n mú fóònù mi jáde, kí n sọ fún AI pé kó kọ ìwé àdéhùn láàárín onílé àti ayálégbé. Kí n tó mọ̀, ó ti kọ ojú ewé mẹ́rin, ó sì dára ju èyí tí mo kọ fún olùkọ́ wa lọ. Wọ́n wá bi mí pé, ‘Kí ni wọ́n wá ń kọ́ yín níbẹ̀?’ Mi ò rí èsì fọ̀. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń wá bí wọ́n ṣe máa yí ẹ̀kọ́ wọn padà. Ṣé kí n fi òfin sílẹ̀ ni, àbí kí n parí rẹ̀ kí n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe? Tí mo bá sì dúró, ẹ̀ka òfin wo ni ẹ̀rọ ò ní í lè gbà mọ́ wa lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú.”

Mi ò ní í tù ọ́ nínú, àbúrò mi. Ojú ewé mẹ́rin yẹn dára lóòótọ́; irú rẹ̀ ti kọjá lójú mi. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ kì í sì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ, torí pé àwọn tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí náà ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, wọ́n kàn ń rẹ ohùn sílẹ̀ ni. Àmọ́ ohun tó pa ọ́ lẹ́nu mọ́ níwájú àbúrò bàbá rẹ ni pé ìwọ náà gbà, láìsọ ọ́ jáde, pé ìwé yẹn gan-an ni iṣẹ́ lọ́yà. Tó bá jẹ́ ìwé ni iṣẹ́ wa, a jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń kọ ìwé ti gba iṣẹ́ wa nìyẹn. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi lọ́dún tó kọjá fún ọ, kí o lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan fẹ́ da owó pọ̀ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n ní ká bá àwọn ṣe ìwé àdéhùn. Lọ́yà kékeré kan lọ́dọ̀ mi gba àlàyé wọn sílẹ̀, ó fi AI kọ ọ́, ó tún un ṣe, ó gbé e wá. Mo wá àṣìṣe inú rẹ̀ títí, mi ò rí. Iye tí oníkálukú mú wá wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa pín èrè wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe tí ìjà bá dé tàbí tí ọ̀kan bá kú náà wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe àwọn méjèèjì wá. Nígbà tí wọ́n jókòó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n: “Ta ni kọ́kọ́rọ́ ibi iṣẹ́ yín máa wà lọ́wọ́ rẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ ìyàwó òun ni. Àbúrò tẹjú mọ́lẹ̀. Èmi náà dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni ìwé ìṣirò owó náà máa wà, pé obìnrin náà ló sì fẹ́ san ìdá kan nínú mẹ́ta owó ẹ̀rọ látinú àpò ara rẹ̀, kò kàn sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kankan ni. Àdéhùn ẹni méjì la ti kọ fún òwò ẹni mẹ́ta! Ẹ̀rọ ò ṣe àṣìṣe. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló kọ. Lọ́yà kékeré yẹn náà ò ṣe màgòmágó. Ohun tó gbọ́ ló gbé fún ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó béèrè kọ́kọ́rọ́ ni.

Ìwé ni ìparí iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an ni kéèyàn mọ ohun tí oníbàárà ò sọ. Àwọn kan ń fi í pa mọ́, àwọn mìíràn ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì, ojú sì ń ti àwọn mìíràn láti sọ ọ́. Wọn ò kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ dáadáa, mo gbà, ìdí sì nìyẹn tí o fi rò pé ojú ewé mẹ́rin ti tán ọ̀rọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí. Wọ́n rò pé tí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ òfin, ṣe ló ń wọ ilé ìkàwé ńlá kan lọ, tó ń ṣí ìwé, tó ń ka ìdájọ́, tó sì ń padà wá jábọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn kan nínú wọn ti lè wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìpìlẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tẹ̀lé ara wọn. Ó ti rí i lọ́nà tí kò lóǹkà pé lẹ́yìn orúkọ ẹni méjì tó ń bá ara wọn ṣẹjọ́, ọdún ló máa ń tẹ̀lé e, lẹ́yìn ọdún ni orúkọ ìwé àkójọ ìdájọ́, lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà ojú ewé. Tí o bá wá ní kó fún ọ ní ẹjọ́ tó gbe ohun tí ò ń sọ lẹ́sẹ̀, ó lè hun ẹjọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ pé, tí ọdún rẹ̀ pé, tí adájọ́ tó dá a jẹ́ ẹni gidi, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe irú rẹ̀ rí. Mi ò tilẹ̀ pè é ní irọ́, torí ẹni tó ń purọ́ mọ ibi tí òótọ́ wà.

Ẹjọ́ tó sọ èyí di ariwo ni Mata v. Avianca, ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mata sọ pé kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n ń tì káàkiri inú ọkọ̀ òfuurufú Avianca gbá òun lórúnkún. Agbẹjọ́rò rẹ̀, tó ti tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, fi ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn ìbéèrè, wá ẹjọ́ tó jọ ọ́, mẹ́fà nínú àwọn tó kó wá ni kò sì sí níbì kankan. Agbẹjọ́rò mìíràn fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé náà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún ni pé agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ bi ẹ̀rọ náà pé ṣé òótọ́ ni ẹjọ́ yìí wà, ẹ̀rọ sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé ó tún pe ẹlẹ́rìí kan náà láti wá jẹ́rìí pé òótọ́ ni ẹ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Adájọ́ P. Kevin Castel bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn, ó sì ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo adájọ́ tí wọ́n fi orúkọ wọn sábẹ́ ìdájọ́ èké náà. Àmọ́ fetí sí ohun tó sọ dáadáa. Kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí lọ́yà lo AI tó ṣeé gbára lé. Ó ní agbẹjọ́rò ni aṣọ́bodè, òun ló gbọ́dọ̀ rí i pé òótọ́ ni ohun tó wọ ilé ẹjọ́. Ohun tó sì dá kún ìyà wọn ni pé lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti bi wọ́n pé níbo ni àwọn ẹjọ́ yìí wà, wọ́n ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n. Agbẹjọ́rò kan ní British Columbia, ní Kánádà, kó ẹjọ́ méjì tí kò sí wọ ilé ẹjọ́ nínú ọ̀rọ̀ bàbá tó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí òun. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ní kó fi owó ara rẹ̀ san nínú ohun tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ ná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Dame Victoria Sharp àti adájọ́ kejì rẹ̀ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní London gbé ọ̀rọ̀ méjì yẹ̀ wò pọ̀. Nínú ọ̀kan, ẹjọ́ 45 ni wọ́n tọ́ka sí, 18 nínú wọn ò sì sí rárá. Ǹjẹ́ o mọ ẹni tó wá àwọn ẹjọ́ náà? Oníbàárà ni! Oníbàárà fi AI ṣèwádìí, ó gbé e fún agbẹjọ́rò rẹ̀, agbẹjọ́rò sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ bó ṣe rí. Adájọ́ ní irú èyí lè di àfojúdi sí ilé ẹjọ́, pé èyí tó bá burú jù lọ nínú rẹ̀ lè di ẹ̀sùn ọ̀daràn. Mo mọ̀ pé wàá ní ti ọ̀fẹ́ nìyẹn, pé ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún àwa lọ́yà, tí à ń sanwó fún, ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Fásitì Stanford dán irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lọ́dún 2024. Ó sàn ju ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò lọ lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n rí ìdáhùn tó ṣìnà tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò balẹ̀ nínú nǹkan bí 17 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ló máa gba akọ̀wé tó ń ṣi ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́fà síṣẹ́ láìyẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò?

Tí àbúrò bàbá rẹ bá tún sọ fún ọ pé AI yege ìdánwò àwọn lọ́yà, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé iṣẹ́ OpenAI, tó ṣe ChatGPT, kéde pé ẹ̀rọ wọn GPT-4 wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá tó ṣe dáadáa jù lọ nínú ìdánwò ìwọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, olùwádìí kan tún ìṣirò náà ṣe, ó fi ẹ̀rọ náà wé àwọn tó yege nìkan, ó sì bá a ní agbedeméjì. Níbi tí wọ́n ti ń kọ àlàyé gígùn, ẹ̀yìn ló wà. Síbẹ̀, má fi èyí yangàn. Èèyàn mélòó ló wà ní agbedeméjì tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí?

Kí wá ló kù fún wa? Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé ni. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí wọ́n lè pè wá síwájú adájọ́, tí wọ́n lè bu owó lé, tí wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí oníbàárà lè pè lẹ́jọ́. A kì í mú kí ẹ̀rọ búra, a ò sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní England ní oṣù karùn-ún ọdún 2025: àjọ tó ń mójú tó àwọn agbẹjọ́rò níbẹ̀ kéde pé àwọn ti fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Garfield.Law láṣẹ láti máa fi AI bá èèyàn gba gbèsè kéékèèké tí kò ju 10,000 pọ́n-ùn lọ. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn lè rò pé lọ́yà ti parí. Àmọ́ nínú ohun tí wọ́n fi fún un láṣẹ, ẹ̀rọ náà ò gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ sí i, kò gbọ́dọ̀ dábàá ẹjọ́ tí wọ́n lè tọ́ka sí, agbẹjọ́rò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni yóò sì dáhùn fún gbogbo ohun tó bá ṣe. Iṣẹ́ ìdáhùn yẹn ni wọ́n ń sanwó fún wa ṣe. Owó ọrùn wa tí a gbé kalẹ̀ ni.

Ibi tí àbúrò bàbá rẹ ti tọ̀nà wá rèé, mo sì fẹ́ kó dùn ọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ni ọ̀gá mi fi mí sí fún ọdún méjì. Mò ń ka fáìlì, mò ń to lẹ́tà ní ọjọ́ sí ọjọ́, mò ń kọ àkópọ̀ ìdájọ́, mò ń fi àdéhùn wé àdéhùn láti wá ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti yí padà. Mo rántí ìdájọ́ kan tí mo gbé fún un, tí mo gbà pé ó parí ọ̀rọ̀. Ó wò ó, ó ní kí n padà lọ kà á. Mo kà á, mo padà wá. Ó ní kí n padà lọ. Inú bí mi débi pé mo fi ìwé sílẹ̀ lọ mumi. Ìgbà kẹta ni mo tó ronú láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ náà: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti da ẹ̀ nù lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá mi ti mọ̀ láti àárọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó sọ fún mi ni, mi ò bá ti gbàgbé. Títí dòní, mi ò lè rí ìdájọ́ kí n má kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Irú iṣẹ́ yàrá ẹ̀yìn yẹn ni AI ń gbà, kíákíá sì ni. Ó ń ka ẹgbẹ̀rún lẹ́tà kí o tó ka mẹ́wàá. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀: láti ọdún 1973 ni Lexis ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà wá ìdájọ́ fún àwọn lọ́yà, nígbà tó sì di 2012, adájọ́ kan ní New York gbà kí kọ̀ǹpútà bá àwọn olùṣẹjọ́ ṣa ìwé tó kan ẹjọ́ lára òkìtì ìwé. Àmọ́ ti ìsinsìnyí jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ńlá, wákàtí ni wọ́n ń kà fún oníbàárà, wákàtí àwọn ọmọdé ló sì ń bọ́ àwọn ọ̀gá. Ní oṣù keje ọdún 2024, ABA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ gbangba nínú ìmọ̀ràn kan pé lọ́yà tó ń gba owó ní wákàtí, tó sì lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti fi AI kọ ìwé ẹjọ́, owó àkókò tó lò gan-an, pẹ̀lú èyí tó fi yẹ iṣẹ́ náà wò, nìkan ló lè gbà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ ohun tí ọ̀gá kan tó ń fi owó wákàtí yẹn san owó oṣù ọmọdé mẹ́rin yóò ṣe. Àwọn kan á mú méjì dípò mẹ́rin. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àyè ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ò ní í há, onítọ̀hún ń tàn ọ́ ni. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ju iye àyè lọ ni pé iṣẹ́ tó súni yẹn ni ilé ìkọ́ṣẹ́ wa. Imú tó ń gbọ́ òórùn ọ̀rọ̀ tó rà, nínú iṣẹ́ ìdọ̀tí ló ti ń mú. Tí ẹ̀rọ bá ṣe gbogbo rẹ̀ fún ọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, níbo lo ti máa rí imú tí o fi máa yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wò?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka òfin tí o béèrè, mi ò ní í dárúkọ ẹyọ kan. Mo ti rí àwọn tó ní ẹjọ́ ọ̀daràn ni ẹ̀rọ ò lè dé, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Kò sí ẹ̀ka tí wọ́n mọ odi yí ká. Irú iṣẹ́ inú ẹ̀ka ni kí o máa wò. Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, AI á kọ ìwé ìtàjà, kò ní í lè rin ààlà ilẹ̀ kó bá àgbàlagbà tó mọ ìtàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, á to ìwé ẹ̀sùn lẹ́sẹẹsẹ, kò ní í lè wo ojú ẹlẹ́rìí kó mọ ìgbà tó yẹ kóun má bi í ní ìbéèrè mìíràn mọ́. Iṣẹ́ tuntun náà ń yọjú. Òfin ìpamọ́ ìròyìn ara ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù lóṣù karùn-ún ọdún 2018 dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún àìmọye èèyàn kọjá Yúróòpù. Òfin wọn lórí AI bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó sì ka ẹ̀rọ tó bá ń ran adájọ́ lọ́wọ́ mọ́ àwọn tí ewu wọn pọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Britain ní ẹ̀rọ ò lè jẹ́ olùhùmọ̀ lábẹ́ òfin. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Washington ní iṣẹ́ ọnà tí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe ò lè ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà (copyright). Ẹjọ́ irú èyí ṣì máa pọ̀. Àmọ́ má torí ìyẹn sáré lọ lẹ “lọ́yà AI” mọ́ orúkọ rẹ. Mo ti pàdé àwọn kan, wọ́n mọ gbogbo òfin tuntun sórí, wọn ò sì lè sọ ohun tó ń mú kí àdéhùn lásán di àdéhùn tó dè èèyàn. Ìpìlẹ̀ náà ni wọ́n ṣì máa fi yanjú rẹ̀.

Ṣé kí o wá dúró? Mi ò mọ ẹni tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ, mi ò mọ ohun tó gbé ọ dé ìdí òfin, nítorí náà apá kan ìdáhùn yìí ọwọ́ rẹ ló wà. Tó bá jẹ́ pé ọdún kìn-ín-ní lo wà, mà bá ní kí o rò ó dáadáa. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló kù: parí rẹ̀. Ẹni tó mọ òfin wúlò nínú báńkì, nínú ìwé ìròyìn, nínú iṣẹ́ ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin fún ilé aṣòfin, àti ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti nílò ẹni tó máa sọ fún ọ̀gá pé “èyí ò ṣeé ṣe”. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Tí kíka ìdájọ́ kan dópin bá jẹ́ ìyà fún ọ, tí o kàn fẹ́ràn aṣọ dúdú àti ariwo ilé ẹjọ́, má ṣe wọ iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí o bá gboyè. Kì í ṣe nítorí AI. Àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé ìdájọ́ tí wọn ò kà lọ síwájú adájọ́, wọ́n sì ti ń ṣe é tipẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Ìwé ẹlòmíì ni wọ́n ń dà kọ nígbà yẹn.

Tí o bá dúró, ohun tí mo máa fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o má fi ọwọ́ ara rẹ gba iṣẹ́ yàrá ẹ̀yìn kúrò lọ́wọ́ ara rẹ. Kọ tìrẹ kí o tó ní kí ẹ̀rọ kọ tiẹ̀, kódà tí tìrẹ bá burú. Lẹ́yìn náà, gbé méjèèjì síra, kí o wá ohun tó ní tí o ò ní, àti ohun tí o ní tí kò ní. Èyí kejì yẹn ni kí o máa tọ́jú. Ẹjọ́ yòówù kó fún ọ, ṣí ìdájọ́ náà níbi tí wọ́n kó o sí gan-an, kà á dópin, kí o sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ gbà láyè, torí pé ẹni tí wọ́n bá mú lórí ìdánwò lè bá ọ̀rọ̀ náà pàdé nígbà tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ. Nígbà tí o bá lọ kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì, má gbé orúkọ oníbàárà tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń lò, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Àṣírí oníbàárà kì í ṣe tìrẹ láti fún ẹnikẹ́ni, ìwọ kọ́ lo sì ni ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó o sí. Lọ jókòó sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ tí wọn ò rán ọ níṣẹ́. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èdè tí oníbàárà ń sọ nílé rẹ̀ ṣàlàyé òfin láìlo ọ̀rọ̀ ńlá kan, kí ẹni tó jókòó níwájú rẹ lè sọ ohun tó ń tì í lójú. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti máa ń yọ.

Ojú ewé mẹ́rin yẹn, má jù ú nù. Tẹ̀ ẹ́ jáde, mú bírò, kí o kọ sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan ẹni tí ìlà náà gbè, òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ìbéèrè tó yẹ kí o bi onílé àti ayálégbé kí o tó kọ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa tún ilé ṣe, torí pé ibẹ̀ ni ìjà wọn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ṣe é tán, fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á, màá sì dá a padà fún ọ kí o tún un kà.